Apẹ̀rẹ̀ Tí A Kì Í Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ìyá mi ní apẹ̀rẹ̀ kan tó dàgbà jù mí lọ. Ìyá tó bí wọn ló gbé e wá láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá ṣòwò ní Lomé. Nígbà tí màmá àgbà náà máa kú, kò fi wúrà sílẹ̀, kò fi ilé sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ yẹn àti àpò ìdọ̀họ kan tó ti gbó ni ogún tó kan ìyá mi. Inú wọn dùn sí i ju wúrà lọ, nítorí irú ni wọ́n ń tà ní ọjà Adewui, inú apẹ̀rẹ̀ yẹn sì ni irú wọn ti ń jáde.

Wọ́n á se irúgbá láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń rú èéfín, wọ́n á fi àpò yẹn bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bá ṣí i, irú ti dé nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń ti Totsi wá ra irú ìyá mi, wọ́n á fi irú tó wà nítòsí ilé wọn sílẹ̀.

Òfin kan wà nílé wa tí kò sí nínú Kùránì: a kì í fi ọṣẹ kan apẹ̀rẹ̀ irú. Omi lásán la fi ń ṣàn án, ká gbé e kọ́ ògiri kí oòrùn pa á, ó parí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tó lẹ̀ mọ́ ọn, ìyá mi ní kì í ṣe ìdọ̀tí. "Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo fẹ́ ṣe ọmọ dáadáa, mo ti apẹ̀rẹ̀ náà bọ inú abọ́ ìfọṣọ tó kún fún ìfófó ọṣẹ. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo ló tíì wọ omi tí ìgbátí fi dún létí mi. Ìyá mi tí kì í lu ọmọ! Wọ́n já apẹ̀rẹ̀ gbà, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi omi tútù ṣan ibi tí ọṣẹ kàn léraléra, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ó gbà wọ́n tó bíi oṣù kan kí irú tó padà bó ṣe wà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

Kí n má parọ́, ilé wa ń run. Irú wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ iléèwé mi, ó wà nínú irun mi. Moutarde ni wọ́n ń pe irú ní Faransé tiwa níbí. Tí mo bá ti wọ kíláàsì, àwọn ọmọ á fọwọ́ di imú, wọ́n á ní, "Bonjour, moutarde!" Ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi kànrìnkàn bó ara mi lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọn ò yé fọwọ́ di imú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ṣèlérí fún ara mi pé lọ́jọ́ kan, aṣọ funfun ni màá máa wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ibi tí gbogbo nǹkan ti mọ́ tóní-tóní.

Mo sì wọ̀ ọ́. Mo dé yunifásítì, mo kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú kì í rí, ọ̀gá kan gbà mí sí lábò rẹ̀, ilé ìwádìí rẹ̀, kí n wá ṣiṣẹ́ fún ìwé ẹ̀rí oyè dókítà lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe ọ̀gá náà ní "wọn". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi "ó" tu ara mi nínú.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn kòkòrò kan wà nínú àwọn tí ojú kì í rí wọ̀nyí, tí wọ́n bá jẹun yó, wọ́n máa ń pọ ohun kan sínú omi tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ. Á mú epo àti omi, tí wọn kì í rí ara wọn sójú, dọ̀rẹ́. Ọṣẹ kòkòrò là ń pè é. Kò ní sódà tó ń jẹ ọwọ́, kò ní pa ẹja bó bá dà sódò, wọ́n sì lè fi kó epo tó bá dà sílẹ̀ ní èbúté. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ahun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà, ohun tí wọ́n ń pọ̀ jáde kì í tó nǹkan. Iṣẹ́ tèmi ni láti wá èyí tó lawọ́, kí n sì wádìí irú oúnjẹ, irú ooru àti irú afẹ́fẹ́ tó máa jẹ́ kó túbọ̀ lawọ́.

Mo wá a kiri. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré ní Kégué, ibi tí epo mọ́tò ti sọ ilẹ̀ di dúdú. Mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo pupa. Ohun tí mo bá bù wálé, màá bọ́ ọ nínú ìgò, màá wá dán an wò. Báyìí la ṣe ń dán an wò: a ó bu omi sí abọ́ pẹrẹsẹ, a ó kán epo mọ́tò dúdú lé e títí á fi bo ojú omi, a ó wá kán ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú omi kòkòrò sí àárín. Bí ọṣẹ bá wà níbẹ̀, epo á sá lọ sí etí abọ́, ojú mímọ́ róbótó á yọ láàárín. Rúlà la fi ń wọn ojú náà. Tèmi, fún odindi ọdún méjì, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Davi," ọ̀gá mi á wí. Davi ni wọ́n ń pe ọmọge ní èdè Mina, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹni tó ń ta omi tútù lójú títì. "Davi, tí ọdún yìí bá tún parí báyìí, wá iṣẹ́ mìíràn." Ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ ni mí nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń lé láyé mi ni ìwé ẹ̀rí yẹn, ó sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mo ń wo ìyá mi tí wọ́n ń ṣan apẹ̀rẹ̀. Wọn kì í da omi tí wọ́n bá fi ṣàn án nù. Ìkòkò ọbẹ̀ tí epo bá ti lẹ̀ mọ́ ni wọ́n máa ń dà á sí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, epo á ti ṣí kúrò kí kànrìnkàn tó dé ibẹ̀. "Omi irú máa ń lé epo," ni wọ́n máa ń wí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ náà ni mo tẹjú mọ́ ìkòkò yẹn. Wọ́n da omi sí i, epo tó léfòó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú mímọ́ róbótó kan yọ láàárín.

Háà! Ọdún méjì ni mo fi ń tọrọ yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ohun tí mo ń wá ń bẹ lára ògiri ilé bàbá mi! Mo bu omi yẹn sí ìgò kékeré, mo fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn mi, mo gun ọ̀kadà sẹ́míjàn lọ sí lábò láìjẹun. Mo kó àwọn kòkòrò inú rẹ̀, mo yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo bọ́ wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn. Lọ́jọ́ tí mo kán ẹ̀kán rẹ̀ sí àárín epo, epo sá débi pé etí abọ́ ló kù tó dá a dúró. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀gá mi wò ó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. "Ibo lo ti rí i?"

"Inú irú ni, ọ̀gá. Irú ọjà."

Irú ọjà! Mi ò lè la ẹnu mi kí n sọ pé nílé wa ni. Ojú ń tì mí. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ̀, nígbà tó rí i pé àtilé ni mo ti ń gbé e bọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Èyí tó kàn ni ká mú kó pọ̀. Ṣúgà tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun la kọ́kọ́ fi ń bọ́ ọ, ó jẹ ẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Mo lọ bá àwọn obìnrin tó ń fún gààrí ní Totsi, mo gba omi tó ń ro jáde lábẹ́ àpò wọn, tí wọ́n máa ń dà sí gọ́tà. Mo sè é, mo fi bọ́ ọ. Ẹ wo ìdùnnú! Kòkòrò onírú rí omi ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A wá kó o sínú ìkòkò gíláàsì ńlá tó ń ro ara rẹ̀, tó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó jẹ́ ọṣẹ, tí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ó hó. Ìfófó gun ìkòkò, ó ti ìdérí rẹ̀ sọnù, ó gba ọ̀nà páìpù jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dé ẹsẹ̀ ọ̀gá mi. Ó fò bí ẹni tó tẹ ejò.

Láti ọjọ́ náà, ó pàṣẹ pé ká máa da epo kan tó ń pa ìfófó sínú rẹ̀. Ìfófó kú lóòótọ́. Àmọ́ ọṣẹ tí a ń rí náà lọ sílẹ̀, ọ̀gá mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní davi.

Mo ráhùn délé. Ìyá mi ń fẹ́ èèpo irúgbá lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ẹ̀ ń pa á?" ni wọ́n bi mí.

"Ó ń dà sílẹ̀ ni, Màmá. Ó ń ba iṣẹ́ jẹ́."

"Èmi náà, tí mo bá ń se irúgbá, ìfófó kì í yọ ni? Ṣé mo máa ń bá a jà ni? Igbá ni mo fi ń gbọ́n ọn. Ohun tó bá ti lóun fẹ́ jáde, ẹ gbé igbá tì í. Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí náà! Ṣebí ìfófó yẹn gan-an lẹ̀ ń wá?"

Òótọ́ ni. Ìfófó yẹn gan-an là ń wá. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo so rọ́bà gbọọrọ kan mọ́ ẹnu ìkòkò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìdí rẹ̀, mo jẹ́ kí ìfófó máa bọ̀. Nígbà tó bá jókòó tán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi tó nípọn ni, ọṣẹ inú rẹ̀ sì lágbára ju ti inú ìkòkò lọ fíìfíì. Kòkòrò náà kò dúró, bí èyí ṣe ń jáde ló ń pọ òmíràn. Nígbà tí ọ̀gá mi máa sọ ọ́ nínú ìpàdé, ó ní òun jókòó, òun ronú jinlẹ̀, ó sì wá sí òun lọ́kàn. Mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí ẹ gbé igbá tì í?" Ìyá mi bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"A sọ ọ́, Màmá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín."

Wọ́n gbàdúrà fún gbogbo wa, títí kan ọ̀gá mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí kò dára. Kòkòrò náà máa ń gọ̀. Tí a bá ti ń gbé e láti abọ́ dé abọ́ nínú lábò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa jẹun, á máa bímọ, ṣùgbọ́n kò ní pọ ọṣẹ mọ́. Fíríìsà tó tutù tó láti pa á mọ́ bó ṣe wà ti bàjẹ́ kí n tó dé ibẹ̀, ìwé àtúnṣe rẹ̀ sì ń sùn lórí tábìlì ẹnì kan. Nítorí náà, bó bá ti gọ̀, ilé ni màá padà sí, màá ha apẹ̀rẹ̀ díẹ̀, màá gbé tuntun wá. Apẹ̀rẹ̀ ìyá mi ló gbé gbogbo wa dúró. Lára rẹ̀ ni irú wọn ti ń wá, lára rẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí mi ti ń bọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tí àwọn àlejò fi ní àwọn ń bọ̀. Òyìnbó mẹ́ta, àwọn tó fẹ́ ra ìkòkò ńlá fún lábò wa. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wo ibi tí kòkòrò náà ti wá, àwọn á wá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti fojú ara wọn rí i tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ilé yín ni wọ́n ń bọ̀ o. Jẹ́ kó mọ́. Àti òórùn yẹn, jọ̀wọ́, wá nǹkan ṣe sí òórùn yẹn." Ó fọwọ́ kan imú bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé "Bonjour, moutarde" ni mo gbọ́ létí mi, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún.

Ìyá mi ti lọ sí Atakpamé, wọ́n lọ sọmọ lórúkọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa lò. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo ra ìgò jáfẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, omi tó ń sọ aṣọ dúdú di funfun, tí a fi ń nu tábìlì lábò nírọ̀lẹ́ kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù láàyè lórí rẹ̀. Mo fọ ilẹ̀. Mo fọ ògiri. Mo fọ àdògán, mo fọ òkúta tí wọ́n ń gbé lé irú. Òórùn ń lọ, inú mi ń dùn. Mo gbójú sókè, mo rí apẹ̀rẹ̀ lára ògiri mímọ́, ó dúdú, ó ń dán, ó ń run. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo rì í bọ inú jáfẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ.

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe mí. Èmi tí mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò: omi jáfẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kòkòrò kankan ò ní yè é. Èmi tí ìgbátí ti dún létí mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà, kí n sọ òótọ́, ni pé ohun tó níye lórí ti wà lọ́wọ́ mi nínú abọ́ kékeré ní lábò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tuntun síbẹ̀ ni. Èyí tó kù lára apẹ̀rẹ̀, mo kà á sí ìdọ̀tí. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, èmi wá fi jáfẹ́ẹ̀lì fọ àkísà àgbà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ojú ọ̀pá rẹ̀, mo sá a sí oòrùn. Ó funfun bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́.

Àwọn àlejò dé, wọn ò pẹ́. Obìnrin inú wọn gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Kò rùn rárá!" Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n yàwòrán, wọ́n lọ.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì. Wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi rìn tààrà lọ síbi ògiri. Wọ́n gbé imú sí apẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá. Àlejò ló fẹ́ wá."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi ni."

Wọ́n wò mí. "Omi," wọ́n tún un sọ. "Kò burú." Wọ́n bu omi sí bùtá, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Irú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣí i, ó rà. Kì í ṣe òórùn irú, òórùn òkú ẹran ni. Wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé. Èkejì rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ tọrọ ẹ̀kúnwọ́ irú lọ́wọ́ onírú kan ní Totsi, wọ́n fi ra apẹ̀rẹ̀ lára, èyí tó jáde jọ irú, àmọ́ kì í ṣe irú wọn. Àwọn oníbàárà tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Ìyá mi á ní, "Èmi ni o. Ọwọ́ mi ló ti tutù. Àgbà ti dé." Àwọn onírú gbà pé ọwọ́ èèyàn lè tutù, kí irú kọ̀ fún un. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ará Totsi ò wá mọ́.

Ní lábò, kòkòrò inú abọ́ gọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo lọ sílé, mo ha apẹ̀rẹ̀, mo gbé e wá. Kò sí nǹkan kan. Mo tún ha á. Àwọn kòkòrò yẹpẹrẹ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló jókòó sára rẹ̀, aláìmọṣẹ́ ni gbogbo wọn. Mo ra irú gbogbo ọjà Lomé wá sí lábò, mo yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tó yọ láàárín epo padà di èékánná. Oṣù mẹ́ta pé, àwọn òyìnbó dé, a tan ìkòkò níwájú wọn, ìfófó kékeré kan yọ bíi ti ẹnu ewúrẹ́, ó sì wọlé padà. Wọ́n kí wa, wọ́n bọ́ sí mọ́tò.

Ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn. "Kí lẹ ṣe sí apẹ̀rẹ̀ yẹn?"

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Màmá mi ló fi jáfẹ́ẹ̀lì fọ̀ ọ́. Ẹ mọ àwọn àgbà, ọ̀gá. Wọn ò kàwé."

Ó mi orí. Ó ní áà, àwọn ìyá wa. Ó gbà á gbọ́ láìjanpata, kò sì gbà mí là, nítorí kí oṣù yẹn tó parí, ó fi ẹlòmíràn sídìí ìkòkò, ó ní kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Kégué báyìí. Mo kórìíra ọ̀gá yẹn, àmọ́ tí mo bá ní òun ló bà mí láyé jẹ́, irọ́ ni. Èmi ni mo di ìgò jáfẹ́ẹ̀lì mú. Èmi ni mo gbé ìyá mi, tó kọ́ mi ní ohun tí ọ̀gá mi fi ń gba ìyìn, tí mo tà á fún ọ̀gá náà pé òpè ni.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi pè mí jókòó. Wọn ò bínú. Ohùn wọn rọ̀.

"Ìwọ tó kàwé nípa nǹkan wọ̀nyí," wọ́n ní, "kí lo rò pé ó ṣe irú mi?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Gbólóhùn kan péré ni. Mo wo ọwọ́ wọn tó wà lórí itan wọn, ọwọ́ tó ti fi ọgọ́ta ọdún fọ irúgbá. Mo ní, "Ọjọ́ orí ni, Màmá. Ọwọ́ àgbà kì í gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ọjọ́ orí," wọ́n ní. "Ó dáa."

Wọn ò ṣe irú mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo ti iléèwé dé, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé lórí àpótí. Abọ́ ìfọṣọ wà níwájú wọn, apẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìfófó dé ọrùn ọwọ́ wọn.

"Màmá, ṣé ọṣẹ lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Àlùbọ́sà ni mo fẹ́ máa kó sí i. Gbé bùtá yẹn, wá bá mi da omi sí i."

Mo gbé bùtá. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan, ohunkóhun, mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa."

"Rárá." Wọn ò gbójú sókè. "Má wulẹ̀ tún lọ ra jáfẹ́ẹ̀lì. Ọṣẹ ti tó o."

Bùtá wúwo lọ́wọ́ mi. Ìyá mi yí apẹ̀rẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n ń fi ọṣẹ tẹ ojú ọ̀pá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́," wọ́n ní. "Da omi sí i."

Mo da omi sí i títí ìfófó fi tán.